Aláròyé Orí Ọlọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun òkúta kí ọwọ́ mi tó dé orí ọlọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà ilé wa máa ń lò dáadáa, tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́. Bí ẹ bá sì lò ó, ẹ̀ ń fi bú ènìyàn ni. Ọ̀rọ̀ náà ni aláròyé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo pe ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìwé yìí bẹ́ẹ̀, ló bá fajú ro. Àga tó fi ń jókòó kọ̀wé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Gbogbo ìgbà tá a bá ti jókòó, á bẹ̀rẹ̀: "Màmá, àga yìí ń mì o. Màmá, àga yìí máa dà mí nù. Màmá, ẹ wo bí ìwé mi ṣe ń rí wúruwùru." Mo ní, "Aláròyé, máa kọ̀wé rẹ." Ó ní kí n má bú òun. Mo ní èmi ò bú ọ. Kò gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó kọ èyí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kí ẹ̀yin tí ẹ máa kà á lè bá wa dá sí i. Èmi ò lọ ilé ìwé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, etí ni mo fi gbà á, ẹsẹ̀ ni mo sì fi rìn wọ inú ìyókù.

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Lẹ́yìn ilé wa, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, pèpéle amọ̀ gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ri àwọn ọlọ mọ́ lórí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ata ni o, ẹ̀gúsí ni o, ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ fún àkàrà ni o, orí ọlọ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ ó máa gbọ́ ohùn ọmọ ọlọ lórí ìyá rẹ̀, kùrùrù, kùrùrù, bí ìgbà tí òjò bá ń bọ̀ lókèèrè. Ọlọ kì í sinmi, àwọn tó ń lọ̀ ọ́ náà kì í sì í dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí ní ilé wa. Ìyàwó kan kì í lọ bá baálé lójúkojú pé nǹkan báyìí ò dára. Baálé ilé wa jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún bàbá bàbá mi. Ọkùnrin tó sanra ni, ojú rẹ̀ le, bó bá sì wúkọ́, adìyẹ á sá kúrò nílẹ̀. Ẹnu ta ló fẹ́ gbà á? Ọlọ ni àwọn ìyàwó ń sọ ọ́ fún. Bí ọjọ́ bá rọ̀, baálé á tẹ́ ẹní sẹ́yìn ògiri kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà náà, níbi tí kò ti lè rí ojú ẹnikẹ́ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè rí tirẹ̀. Á ní òun ń gba atẹ́gùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe atẹ́gùn ló ń gbà.

Ìyá àgbà mi ni aláròyé ilé wa nígbà tí mo gbọ́njú. Oyè ni o! Bí wọ́n ṣe ń jẹ ìyálé ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ìyàwó tó bá mọ orin kọ, tí kò ní ìkannú, tí kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe orogún, òun ni àwọn yòókù á fi ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń dun àwọn obìnrin, wọ́n á sọ ọ́ sí i létí lódò, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á fi ata sórí ọlọ, á sì dá orin:

*Ọlọ gbọ́, ọmọ ọlọ gbọ́,*
*Èmi ò bá ẹnìkan wí o,*
*Ọlọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.*
*Òrùlé ń jò, ẹní ń wẹ odò,*
*Èmi ò bá ẹnìkan wí o,*
*Ọlọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.*

Àwọn yòókù á gbè é. Ọwọ́ wọn kò ní dúró. Mo rántí orin òrùlé yẹn dáadáa nítorí pé yàrá ìyàwó kékeré ilé wa ló ń jò, ó sì ní ọmọ jòjòló lọ́wọ́. Mo fi tèmi kún orin náà, mo ní, "Ọmọ ìyàwó kékeré ń ṣòjòjò." Ìyá àgbà mi fi ọwọ́ tó kún fún ata gbá mi lẹ́nu, mo sì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá, ó pè mí mọ́ra, ó ní, "Kọrin òrùlé tó ń jò. Má kọrin ẹni tí ó ń jò lé lórí. Bí o bá dárúkọ ẹni tí nǹkan ń dùn, o ti fi í lé ẹni tó lágbára lọ́wọ́ nìyẹn."

Lẹ́yìn ògiri, baálé wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò bèèrè ẹni tó dá orin. Ní ilé wa, baálé kì í bèèrè. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, koríko tuntun ti wà lórí yàrá ìyàwó kékeré. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé òun ló gbé e síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dúpẹ́. A kì í dúpẹ́ ọ̀rọ̀ orí ọlọ. Bí o bá dúpẹ́, o ti jẹ́wọ́ pé ìwọ lo sọ̀rọ̀, o sì ti jẹ́ kí òun náà jẹ́wọ́ pé òun fetí kọ́ ọ. Ojú á wá ti gbogbo yín.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí nǹkan ń dùn náà ni aláròyé. Ìyá àgbà mi máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní akùnsínú wà: ìyẹn lẹni tí ọ̀rọ̀ ń sè nínú rẹ̀ bí ọbẹ̀ tí wọ́n dé pa, ọjọ́ tó bá ru, iná ló máa kọ́kọ́ pa. Oníráhùn náà wà, ẹni tó jẹ́ pé ohun tí kò ní nìkan ló ń rí. Bí ẹ bá fetí sí àdúrà àwọn àgbà, ìráhùn ni wọ́n ń lé jìnnà: kí a má ráhùn owó, kí a má ráhùn ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kan pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ṣàròyé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Inú àlọ́ náà ńkọ́? Nínú àlọ́ ìyá àgbà mi, ọ̀pọ̀lọ́ ni aláròyé àwọn ẹranko. Odò wọn ń fà díẹ̀díẹ̀, gbogbo ẹranko ń sọ pé kò séwu. Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló jókòó sétí odò, tó ń ké pé, "Ó ń lọ o, ó ń lọ o," lọ́sàn-án lóru. Ọba ẹranko ní ariwo rẹ̀ ń ba oorun òun jẹ́, ló bá ní kí wọ́n gbé òkúta dé e mọ́lẹ̀. Ibi gbogbo wá pa rọ́rọ́, wọ́n sùn dáadáa. Nígbà tí wọ́n máa jí, ẹrẹ̀ ló kù nínú odò. Wọ́n sáré lọ ṣí òkúta lórí ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké, òjò sì rọ̀. Títí dòní, bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ń ké, àgbẹ̀ kì í bú u. Ọkọ́ ló máa ń wá.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀ ní Èkó.

Nígbà tí mo délé ọkọ, Agége ni ọkọ mi mú mi wá. Aṣọ ló ń rán. Èmi rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti fara kan ara wọn bí ẹni tó wà nínú ọjà. Láàárọ̀, àwa obìnrin Agége á tò gba ẹ̀bá ojú irin, a ó máa rìn lọ. Kí a tó dé, òórùn ṣúgà tó ń jó á ti wá pàdé wa. Iṣẹ́ tiwa ni kíkó bisikíìtì sínú ọ̀rá àti páálí, nídìí tábìlì gbọọrọ kan tí a tò sí ní ìlà. Bẹ́líìtì gígùn kan ló ń gbé e bọ̀ láti ibi iná, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀gbẹ́ kan, bisikíìtì á ti kọjá lójú rẹ̀. Àga onípákó gbọọrọ kan wà lẹ́yìn wa tí a fi ń jókòó ṣe é.

Àsìkò ìjọba ṣọ́jà ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé. Àwa ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ikùn wa ló túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ìyẹ̀fun òkèèrè wọ́n bí ojú, wọ́n ń po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ọn, bisikíìtì wá le bí àpáàdì. Wọ́n lé ọ̀pọ̀ lára wa sílé, wọ́n sì kó iṣẹ́ wọn lé àwọn tó kù lórí. Lọ́jọ́ kan, a dé ibi iṣẹ́, a ò bá àga gbọọrọ yẹn mọ́. Màníjà ló ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ó ní ẹni tó bá jókòó á sùn, kí á máa dúró ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nìyẹn, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Obìnrin kan ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ìlà náà, ọmọ Èkìtì ni, tíṣà ni ọkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì gbọ́mọ pọ̀n. Oyún ti wálẹ̀ lára rẹ̀ rí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lásìkò tí mò ń wí yìí, ó tún ti lóyún, èmi nìkan ló sì sọ fún níbi iṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ wa fẹ̀, ó bò ó. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má dúró pẹ́. Bẹ́ẹ̀, òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé bí wọ́n bá ti mọ̀ pé obìnrin lóyún, ilé yá, kò sì sí pé ó ń padà bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ìjọba kò rántí sanwó oṣù fún tíṣà mọ́ nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n fún wa láyè láti jẹun ọ̀sán, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn mí lẹ́yìn ògiri. Ó ti wú, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á. Ó ní, "Àǹtí mi, bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí la máa jẹ? Bí mo bá sì dúró síbi iṣẹ́, kí ni mo máa bí?"

Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mo ń fi ọwọ́ ra á.

A gbìyànjú o. Àwa bíi mélòó kan lọ bá fóòmàn wa, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ìlà wa. Ọmọ Yorùbá ni, ó gbọ́ Yorùbá dénú, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi bá wa wí, bóyá kí ọ̀rọ̀ náà lè tutù sí wa lára. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ màníjà kó dá àga wa padà. Ẹsẹ̀ ń ro wá."

Ọjọ́ yẹn ló sọ Yorùbá. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ń ro yín? Ẹ wo géètì yẹn. Ṣé ẹ rí àwọn tó dúró síbẹ̀? Láti ìdájí ni wọ́n ti dúró, wọn ò sì tíì ríṣẹ́. Ẹ̀yin aláròyé wọ̀nyí! Ẹni tó bá tún ṣàròyé sí mi létí, kó bá géètì lọ."

Òótọ́ ló sọ nípa géètì. Àràárọ̀ ni èrò ń kún ẹnu rẹ̀, wọ́n ń retí pé kí ẹnìkan nínú wa ṣubú kí wọ́n lè rọ́pò rẹ̀. A ò sì lè ní a fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan nítòsí wa dán an wò, ọkọ̀ ṣọ́jà ló wá kí wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó pè wá yẹn, kò kúrò létí mi. Aláròyé. Nílé wa, oyè ni. Ní Ìkẹjà, ó ti di ọ̀pá tí wọ́n fi ń lé ènìyàn jáde.

Nígbà tí à ń lọ sílé lẹ́bàá ojú irin, mo sọ ìtàn ọlọ ilé wa fún ọ̀rẹ́ mi. Ó mirí. Ó ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dán an wò, àǹtí mi. Pásítọ̀ wa máa ń wàásù pé àwọn tó ń kùn nínú aginjù, wọn ò dé ibi tí wọ́n ń lọ."

Mo ní, "Bóyá wọn ò rí ọlọ gbé dání ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn wọ ara páànù, tí ooru iná bisikíìtì bò wá, mo fetí sí bẹ́líìtì yẹn. Kùrùrù, kùrùrù. Ẹ gbà mí gbọ́, ohùn ọlọ ìyá àgbà mi gan-an ni. Mi ò mọ̀gbà tí ẹnu mi là:

*Tábìlì gbọ́, páálí gbọ́,*
*Èmi ò bá ẹnìkan wí o,*
*Tábìlì ni mo ń bá sọ̀rọ̀.*
*Orúnkún ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́,*
*Èmi ò bá ẹnìkan wí o,*
*Tábìlì ni mo ń bá sọ̀rọ̀.*

Àwọn tó wá láti Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ gbè é. Kò pẹ́ tí àwọn ará Èkìtì náà fi tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi ohùn tiwọn yí i po. Ọwọ́ wa kò dúró. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, ńṣe ló yá sí i. Mo rí fóòmàn tó jáde wá láti ẹ̀yìn àwọn páálí tí wọ́n tò jọ. Ó dúró, ó gbọ́, ó wo ọwọ́ wa, ó sì padà sẹ́yìn páálí. Lọ́jọ́ kejì a tún kọ ọ́, lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e a tún kọ ọ́. Àga wa kò padà. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ń wú sí i.

Àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ti ìkà. Ọmọge kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí ìlà wa, ó lóhùn bí ẹyẹ, ó sì fẹ́ràn orin náà. Kò mọ̀ pé ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ata ẹ̀rọ ló jẹ dàgbà? Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀rẹ́ mi lóyún, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti gbé e:

*Aboyún ń dúró, ọmọ inú ń dúró…*

Kò sí ẹni tó gbè é. Mo kàn rí i pé ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

Fóòmàn jáde láti ẹ̀yìn páálí. Ó tẹ bọ́tìnnì, bẹ́líìtì dúró gbagidi. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé iṣẹ́ yẹn, mi ò rí i kí bẹ́líìtì dúró lọ́sàn-án rí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè nǹkan. Gbogbo wa wolẹ̀. Ó wá fi Yorùbá bèèrè, ó ní, "Ta ló lóyún nínú yín?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé òkè ni ọ́fíìsì màníjà wà, ojú fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí wa. Bí bẹ́líìtì bá pẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Fóòmàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo wá lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìkángun lọ́hùn-ún, ó ń wo ikùn. Ó ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi.

Ohùn kan wá láti ìsàlẹ̀ ìlà: "Èmi ni o, ọ̀gá."

Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa ni, tó máa ń ṣa àwọn bisikíìtì tó fọ́. Ará Onígbòǹgbò ni, ọmọ onílẹ̀. Orí rẹ̀ funfun bí òwú, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti ń wọ iléèwé. Ó na ìgbálẹ̀ rẹ̀ dúró bí ọ̀pá àṣẹ.

Fóòmàn wò ó. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Kí ló dé? Ṣé Ọlọ́run ò lè ṣe é ni?"

"Oṣù mélòó ni, ìyá?"

"Ẹ bi bàbá tó fún mi."

"Níbo ni bàbá náà wà?"

"Wọ́n ti kú ọjọ́ ti pẹ́," ni ìyá wí, ó sì fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀ tó rí pẹlẹbẹ. "Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe yà yín lẹ́nu, ọ̀gá."

Ẹ̀rín bú jáde lórí ìlà yẹn bí ìgbà tí àpò ìyẹ̀fun bá já. Ọmọge tó kọrin rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn, torí ó ti mọ ohun tí ẹnu òun ṣe. Fóòmàn fẹ́ fajú ro, ètè rẹ̀ kò gbà fún un. Ó yíjú sí ògiri. A rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yíjú padà, kò wo ikùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, bẹ́líìtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Fóòmàn ti ń lọ kó tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wo ojú ẹnì kankan. Ó dà bí ẹni pé ìlẹ̀kùn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ máa kọrin yín. Ẹ má ṣáà fi aboyún sí i mọ́. Wọn kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bisikíìtì. *Wọn kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.* Mi ò mọ ìlú tó ti wá títí dòní, ṣùgbọ́n mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ìyá tó bí i lọ̀ ọlọ, òun náà sì ti jókòó sí ìdí rẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a bá àwọn garawa òróró tó ti ṣófo lábẹ́ tábìlì. Wọ́n dojú wọn dé, wọ́n sì ká páálí lé wọn lórí kí ó lè rọ ìdí lọ́rùn. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wa ló ní tirẹ̀. Tábìlì náà ní ìgbátí níwájú, pákó tó bò wá lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá wò láti fèrèsé òkè, orí wa nìkan ló máa rí. Ìyá agbálẹ̀ la ẹnu, ó ní, "Ta ló—" Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ. Mo ní, "Ẹ má bèèrè, ìyá."

Ọ̀rẹ́ mi jókòó. Ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń jókòó sórí ìtẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí màníjà bá ń bọ̀ láti òkè, fóòmàn á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá ti wúkọ́ báyìí, gbogbo wa á dìde, a ó ti garawa sábẹ́ pátápátá. Màníjà á rìn kọjá, á ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa nísinsìnyí tí kò sí àga. Fóòmàn á ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tí wọ́n bá ti kọjá, a ó tún jókòó, orin á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ fóòmàn, mo ti kìlọ̀ fún wọn. Òun náà ṣì ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá wa wí, kò dín kù.

Oyún náà dúró. Nígbà tí kò ṣeé bò mọ́, ọ̀rẹ́ mi lọ sílé fúnra rẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin láyọ̀. Àwa obìnrin orí ìlà lọ síbi ìsọmọlórúkọ náà, nínú yàrá kan ní Agége tí a ti fún ara wa mọ́ ògiri. Ìyá agbálẹ̀ ló dé kẹ́yìn. Kò tíì bọ́ bàtà tó ti ń pariwo láti ìta: "Ẹ yà fún mi! Ẹ gbé ọmọ mi fún mi! Àbí ẹ ti gbàgbé ẹni tó jẹ́wọ́ oyún ni?" Wọ́n gbé ọmọ fún un kí wọ́n tó gbé e fún ìyá ọkọ pàápàá. Ìyá ọkọ ní, "Ìyá, ẹ kú ìrọbí o." Ó ní, "Ẹ ṣé, kò rọrùn ní ọjọ́ orí tèmi."

Ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyẹ̀fun tán, iná mànàmáná ń lọ, wọ́n ní kí gbogbo wa máa lọ sílé. Ọjọ́ tí a jáde gbẹ̀yìn, fóòmàn dúró sétí géètì, òun náà ti di ẹni tí kò níṣẹ́. Bí a ṣe ń kọjá níkọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú irin lókèèrè. Nígbà tí ó kan èmi, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹrí ba, mo sì kọjá. Ìyẹn nìkan ni a sọ fún ara wa.

Ayé ti yí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú ilé bisikíìtì yẹn báyìí, wọ́n sì ń kọrin tó dùn níbẹ̀. Ata wa, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ là ń gbé e lọ. Ariwo ẹ̀rọ náà kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ká má tíì sọ orin. Mi ò sọ pé ọlọ kò nira. Èjìká mi ṣì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí náà sì ń ṣàròyé ju tiwa lọ: inú fóònù lẹ ń dà á sí, tọ̀sán tòru, ẹ sì ń dárúkọ gbogbo ènìyàn. Mo máa ń wò yín, mo máa ń ní, ó dára, ọlọ tiwọn nìyẹn. Ohun tí mi ò rí ni ògiri tí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tó ń fetí sílẹ̀, tó sì máa jí ní ìdájí lọ wá koríko. Àròyé kò tíì tán láyé. Àwọn tó ń wúkọ́ ló ń tán.

Nítorí náà, aláròyé mi, ìwọ tó di bírò mú yìí, mi ò bú ọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ lo fi kọrin àga. O ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, o ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Orin náà dára.

Ṣé o ti kíyè sí i pé láti àárọ̀ tá a ti bẹ̀rẹ̀, àga yẹn kò mì?

Má yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Má bèèrè. Máa kọ̀wé rẹ.